Bírésì fún Ẹsẹ̀ Tó Ń Wọ́ Nílẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Máa Yàn Án, Bí Ẹ Ṣe Máa Wọ̀ Ọ́, àti Ohun Tó Ń Mú Kó Máa Bu Èèyàn Jẹ

Ẹ ti ra bírésì, owó gidi lẹ sì san. Ó ń bù yín jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀, bàtà ò gbà á, orúnkún sì ń ti ara rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹ bá ti tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wá gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́pọ̀ ìgbà, bàtà, ìbọ̀sẹ̀ tàbí ìkánjú ọjọ́ àkọ́kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀, ó sì ṣeé tún ṣe.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀, egungun tó kán, P.O.P. (símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń di egungun tó kán) tó fún jù, tàbí abẹ́rẹ́ ìdí tí wọ́n ṣì gún ti ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ (nerve, èyí tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá sí ẹsẹ̀) jẹ́, tí iwájú ẹsẹ̀ ò fi lè gbéra mọ́. Tó bá ń rìn, ìka ẹsẹ̀ á máa họ ilẹ̀, tàbí kó máa gbé orúnkún sókè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Bírésì tí à ń sọ ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tó gba ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lọ sókè títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún. AFO ni wọ́n máa ń kọ sára páálí rẹ̀.

Kí ẹ tó náwó: àyẹ̀wò mẹ́ta nílé

1. Ẹ jókòó, ẹ na orúnkún tààrà. Kí ẹnì kan rọra ti iwájú ẹsẹ̀ yín sókè. Ṣé ó dé ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ àti ojúgun ti dúró bíi lẹ́tà L? Tí kò bá dé bẹ̀, okùn ẹran (tendon) tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ ti súnkì. Bí ẹ bá fi irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú bírésì tó dúró bíi L, gìgísẹ̀ ò ní jókòó, á máa yọ sókè, á sì máa ha. Ẹ lọ bá àwọn físíò (olùtọ́jú tó ń fi eré ìdárayá wo ara) kọ́kọ́ nà án, tàbí kí ẹni tó ń ṣe bírésì fi nǹkan gbé gìgísẹ̀ ga nínú rẹ̀.
2. Ẹ di ojú. Kí ẹni náà fi òwú kan àtẹ́lẹsẹ̀, òkè ẹsẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ojúgun yín. Gbogbo ibi tí ẹ ò bá ti mọ̀ pé ó kàn yín, bírésì lè dá egbò síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ fi bírò sàmì sí i, kí ẹ fi han ẹni tó máa ṣe bírésì.
3. Ẹ wo ẹsẹ̀ náà láàárọ̀, ẹ tún wò ó lálẹ́. Tí ìbọ̀sẹ̀ bá ń fi ojú jinjin sílẹ̀ lára lálẹ́, ẹsẹ̀ ṣì ń wú. Ike tí wọ́n bá ṣe sí ẹsẹ̀ tó wú máa tóbi jù lóṣù tó ń bọ̀.

Irú èyí wo ló yẹ yín?

*Aláṣọ tàbí onírọ́bà.* Bẹ́líìtì kan máa ń wà ní ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ní okùn rọ́bà tó kọ́ okùn bàtà sókè. Ó fúyẹ́, ó sì dáa fún ilẹ̀ tó tẹ́jú àti ìrìn kúkúrú. Tí ọrùn ẹsẹ̀ yín bá ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè dá a dúró.

*Ike fẹ́lẹ́.* Ike polypropylene ni, wọ́n gé e tín-ín-rín lẹ́yìn gìgísẹ̀ kó lè máa tẹ̀, kó sì máa ta padà. Ẹsẹ̀ tó kàn rọ, tí orúnkún rẹ̀ lágbára, tí kò yí, ló bá a mu. Ọ̀pọ̀ ẹni tí iṣan rẹ̀ fara gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún kì í nílò ju èyí lọ.

*Ike líle.* Ó nípọn, ó sì bo kókósẹ̀ méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́. Ó wà fún ọrùn ẹsẹ̀ tó ń yí, fún ẹsẹ̀ tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun náà ti rọ, tàbí èyí tó le gbagidi lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Dídìde lórí àga máa ṣòro díẹ̀ nínú rẹ̀.

*Onísopọ̀.* Ó ní ìsopọ̀ ní kókósẹ̀, nítorí náà ojúgun lè tẹ̀ síwájú, gígun òkè á sì rọrùn. Àmọ́ ó fẹ̀, bàtà tó máa gbà á ò pọ̀.

*Carbon fibre.* Ó fúyẹ́, ó sì máa ń ta ẹsẹ̀ síwájú bí ẹ bá gbé e. Ẹni tó ń rìn jìnnà lójúmọ́ máa mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ṣeé fi iná tún ṣe bí ike, ìwọ̀n S, M àti L ni wọ́n sì sábà máa ń tà. Tí ẹsẹ̀ yín bá kú (tí kò mọ̀ bí nǹkan bá kàn án) tàbí tó wọ́, ike tí wọ́n wọn sí yín lára dáa ju carbon olówó ńlá tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí káńtà lọ.

Àwọn kan ti rí fídíò àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ń sáré pẹ̀lú bírésì carbon lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ wọn fọ́. IDEO ni wọ́n ń pè é. Ní Center for the Intrepid, ilé ìtọ́jú àwọn sójà tó fara pa ní San Antonio, Texas, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọ̀n ṣe é, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gidi sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ra ohun tó jọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, ìdajì lásán ló rà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wọn ẹsẹ̀ yín

Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ ní Igbóbì, Èkó, ní ẹ̀ka tó ń ṣe bírésì. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó bá sún mọ́ yín náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Brítéènì, GP tàbí físíò yín ló máa kọ̀wé ránṣẹ́ sí ẹ̀ka orthotics (ẹ̀ka tó ń ṣe bírésì) ti NHS.

- Ẹ mú bàtà tí ẹ fẹ́ máa wọ̀ gan-an dání. Gíga gìgísẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣètò bírésì.
- Ẹ fọwọ́ kan egungun kékeré tó yọ sóde ní ìta ẹsẹ̀, nísàlẹ̀ orúnkún díẹ̀. Iṣan tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè gba ìsàlẹ̀ egungun yẹn kọjá, awọ nìkan ló bò ó. Etí òkè bírésì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìka méjì jìnnà sí i nísàlẹ̀. Èyí tó bá gun orí rẹ̀ lè tún iṣan kan náà pa.
- Ẹ má gbà á láìrìn. Ẹ rìn nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, ẹ jókòó, ẹ dìde, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ̀yin àti ẹni tó ṣe bírésì jọ wo awọ ẹsẹ̀. Ojú ibẹ̀ ni kó ti fi iná tún ibi tó ń ha ṣe.

Bàtà: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀

Bírésì láìsí bàtà tó yẹ ò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wá bàtà tó ní okùn tàbí alẹ̀mọ́ (velcro), tí ẹnu rẹ̀ ṣí títí dé ìtòsí ìka, tí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ le, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Kánfáàsì àti bàtà ìsáré máa ń gbà á jù. Sálúbàtà, bàtà àkìbọ̀ àti sílípáàsì ò lè dì í mú.

Bí ẹ ṣe máa mú kó wọlé:

1. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà ti ẹsẹ̀ náà. Èyí nìkan máa ń tó nígbà mìíràn.
2. Tí kò bá tó, ẹ ra bàtà tó fi ìdajì nọ́ńbà tàbí nọ́ńbà kan tóbi ju tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi ìtẹ́lẹ̀ tí ẹ yọ kún ti ẹsẹ̀ kejì kó má baà máa jábọ́.
3. Tí ẹsẹ̀ tó ní bírésì bá wá ga ju èkejì lọ, tí ìbàdí ń dùn yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń rán bàtà fi ìtẹ́lẹ̀ gbé bàtà kejì ga díẹ̀.

Gíga gìgísẹ̀ bàtà ò gbọ́dọ̀ máa yí padà. Tí wọ́n bá ṣe bírésì sí bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 1, tí ẹ wá wọ èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ojúgun á dà sẹ́yìn, orúnkún á máa ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, ìrora ẹ̀yìn orúnkún á sì tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá wọ èyí tó ga jù, orúnkún á máa tẹ̀ síwájú, yóò sì máa yẹ̀ lábẹ́ yín. Ẹ̀yin obìnrin, bàtà onígìgísẹ̀ gíga ọjọ́ òde ò lè bá bírésì yìí lọ. Ẹ ra méjì tí gìgísẹ̀ wọn ga bákan náà, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún òde. Ìró tó gùn dáadáa máa bo gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀ ọ́

1. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó gùn ju etí òkè bírésì lọ. Kó jẹ́ òwú, kó má ní ojú rírán tó yọ, kó sì funfun kí ẹ lè tètè rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi egbò. Ẹ fà á kó má ká jọ níbì kankan.
2. Ẹ jókòó, ẹ ká orúnkún. Bí orúnkún bá nà, ẹran ẹ̀yìn ojúgun máa fa gìgísẹ̀ sókè, ẹ ò sì ní mọ̀.
3. Ẹ ti gìgísẹ̀ sẹ́yìn títí tí yóò fi kan ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn ike. Tí ìka kékeré bá lè wọ àárín gìgísẹ̀ àti ike, kò tíì jókòó.
4. Bẹ́líìtì ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dì, kó lè dá gìgísẹ̀ dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti òkè. Ìka kan gbọ́dọ̀ lè gba abẹ́ bẹ́líìtì òkè.
5. Ẹ tú okùn bàtà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi ṣíbí bàtà ti ẹsẹ̀ wọlé, kí ẹ tó fún okùn náà. Ẹlòmíràn á ti kọ́kọ́ ki bírésì sínú bàtà kó tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ ṣe, kí gìgísẹ̀ ṣáà ti jókòó.
6. Ẹ dìde, ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ tún bẹ́líìtì òkè wò.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ẹ má wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

- Ọjọ́ 1 àti 2: wákàtí kan, ẹ bọ́ ọ, ẹ wo awọ; ẹ tún wọ̀ ọ́ fún wákàtí kan sí i nírọ̀lẹ́.
- Láti ọjọ́ 3: ẹ máa fi wákàtí kan kún un lójúmọ́, tí awọ bá mọ́.
- Ó yẹ kí ẹ lè wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́ bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ń parí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó má kánjú dé ibẹ̀.

*Bí ẹ ṣe máa wo awọ.* Àmì ìfúnmọ́ á wà lóòótọ́. Èyí tó bá parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30 kì í ṣe wàhálà. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ má wọ bírésì mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Àwọn ìwé tó ń bá bírésì wá máa ń sọ pé kí ẹ wá ibi tó pọ́n. Lára awọ dúdú, pípọ́n lè má hàn. Ibi tó ṣókùnkùn ju àyíká rẹ̀, tàbí tó ń dán, ni kí ẹ máa wá. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná ju apá kejì lọ? Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: ṣé ó le, àbí ó rọ bí ẹni pé omi wà lábẹ́ rẹ̀? Ọ̀kankan nínú wọn ti tó láti dá bírésì dúró.

Àwọn ibi tó máa ń kọ́kọ́ ha ni kókósẹ̀ méjèèjì, ẹ̀yìn gìgísẹ̀, ìdí ìka kékeré, àti etí òkè lẹ́yìn ojúgun. Fún àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ gbé dígí sílẹ̀ tàbí kí ẹ fi fóònù yà á. Tí ẹ bá ń ya fọ́tò náà lálaalẹ́ láti ibì kan náà, ẹ máa tètè rí ìyípadà tí ojú lásán á fò.

Rírìn, àtẹ̀gùn, ọ̀kadà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ ní ọwọ́ òdìkejì: bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ní bírésì, ọwọ́ òsì ni ọ̀pá wà. Gìgísẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ẹ má gbé orúnkún sókè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, torí bírésì ti ń gbé ìka yín. Ìwà àtijọ́ yìí máa ń pẹ́ kó tó kúrò, òun ló sì ń mú ìbàdí dun ọ̀pọ̀.

Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó lágbára ló ń kọ́kọ́ gòkè; tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó ní bírésì ni kó ṣáájú. Ẹ di ìrin àtẹ̀gùn mú.

Lórí ọ̀kadà, ẹ ṣọ́ra fún sàlẹ́ńsà, tó sábà máa ń wà lápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ tó kú ò ní mọ̀ pé òun ń jóná, ike á sì rọ̀. Apá òsì ni kí ẹ ti gùn ún, apá òsì náà ni kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Ní ti wíwa mọ́tò, tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà nínú ike líle, ẹ má wakọ̀ títí dókítà tàbí físíò yóò fi ní kí ẹ máa wà á. Ọrùn ẹsẹ̀ tí kò tẹ̀ ò lè kúrò lórí pẹ́dàlì tó ń mú mọ́tò sáré bọ́ sórí bíréékì lásìkò.

Ibi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà, àti ìkúnlẹ̀

Tí ẹ bá bọ́ bàtà tí ẹ fi bírésì sílẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn lẹ máa dà sí, ike á sì yọ̀ lórí táìsì. Nínú mọ́ṣáláṣí tàbí ìjọ aláṣọ funfun, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: ẹ ya kánfáàsì kan sọ́tọ̀ tí kò ní kan ìta, kí ẹ bá àlùfáà tàbí wòlíì sọ ọ́ ṣáájú; tàbí kí ẹni tó ṣe bírésì lẹ rọ́bà tó ní gìgísẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀; tàbí kí ẹ bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ fi ọ̀pá rìn lọ sórí àga tó sún mọ́. Lẹ́yìn àlùwàlá, ẹ nu àárín ìka gbẹ kí ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Awọ tó tutù nínú ike máa ń rọ̀, ó sì máa ń bó.

Tí ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà, ẹ di nǹkan mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó lágbára síwájú, kí orúnkún ẹsẹ̀ tó ní bírésì kọ́kọ́ kanlẹ̀. Láti dìde, ẹ tún gbé ẹsẹ̀ tó lágbára síwájú, kí ẹ fi tì. Etí òkè ike máa gún yín lẹ́yìn orúnkún bí ẹ bá pẹ́ níbẹ̀. Ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ ti kí wọn. Àgbà tó bá rí ike lẹ́sẹ̀ yín ò ní bínú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- *Fífi àbẹ́là tàbí áyọ́ọ̀nù yọ́ ike nílé.* Ibi kan á rọ, ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á wọ́, kò sì ní bọ̀ sípò mọ́.
- *Kíki òwú tàbí fóòmù sí ibi tó ń ha.* Ṣe ló máa ń fi kún ìfúnmọ́ níbẹ̀. Ike ni wọ́n gbọ́dọ̀ tì síta.
- *Fífún bẹ́líìtì nítorí pé gìgísẹ̀ ń yọ.* Ẹ tún un wọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, orúnkún ní kíká.
- *Ríra bírésì àlòkù.* Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n wọ̀n sí, ike náà sì lè ti rẹ̀.
- *Pípa eré ìdárayá tì.* Lójoojúmọ́, ẹ fi táwẹ̀lì kọ́ iwájú ẹsẹ̀, orúnkún ní nínà, ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ìgbà mẹ́ta, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹsẹ̀ tí kò rí èyí á súnkì, bírésì tó bá a mu lónìí ò ní bá a mu lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìtọ́jú bírésì

Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, lálaalẹ́. Ẹ nù ún, kó gbẹ nínú ilé. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì fi sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò tó wà nínú oòrùn, torí ó máa yí. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù yọ irun àti òwú kúrò nínú alẹ̀mọ́, á tún mú dáadáa. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wo ibi tí ike ti ń tẹ̀ ní kókósẹ̀: tí ẹ bá rí ìlà funfun, ibẹ̀ ló ti fẹ́ là. Ẹ gbé e lọ kó tó kán lójú títì.

Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an bí

- ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó gbóná, tó ń dunni, pàápàá tí èémí bá ń ká yín;
- egbò bá là, tó ń rùn tàbí tó ń ṣomi;
- ẹsẹ̀ kejì náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, tí ẹ̀yìn ń dùn yín, tàbí tí ẹ ò lè dá ìtọ̀ dúró;
- ẹsẹ̀ bá ṣàdédé rọ pẹ̀lú ẹnu tó wọ́ tàbí ọ̀rọ̀ tí kò já gaara.

Ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ sílẹ̀

Iṣan tó ń hù padà kì í yára: nǹkan bíi mìlímítà 1 lóòjọ́ ni, tó fi jẹ́ pé láti orúnkún dé ibi tó ń lọ máa gba ọ̀pọ̀ oṣù. Tí oṣù mẹ́ta bá pé, tí ìka ẹsẹ̀ ò sì mira rárá, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ iṣan náà wò tàbí kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ má jókòó ti bírésì fún ọdún kan gbáko kí ẹ tó béèrè, torí ẹran tí iṣan ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kì í sábà jí mọ́.

Tí agbára bá ti ń padà, ẹ jókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè ní ìgbà mẹ́wàá láìsinmi. Tó bá dé òkè bákan náà nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ bi físíò yín bóyá ẹ lè máa rìn láìsí bírésì nínú ilé. Ẹ ṣì máa wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà àti síbi iṣẹ́ ná, nítorí nígbà tó bá ti rẹ̀ yín ni ìka máa ń padà kọ́lẹ̀.